"Drum" yìí, ìlù ni àbí dúrọ́ọ̀mù? Bẹ́ ẹ ṣe lè mú ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì tó tọ́ fún ọ̀rọ̀ òyìnbó tó ní ìtumọ̀ púpọ̀

Àwọn tó ń bá ará Kúbà, ará Mẹ́síkò àti ará Fẹnẹsúẹ́là sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp ti pọ̀ gan-an láàárín wa. Àwọn babaláwo wà níbẹ̀, àwọn tó ń gbẹ́ ìlù bàtá, àwọn tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀, àwọn tó ń ta àdìrẹ. Ìbéèrè kan náà ló sì máa ń jáde lẹ́nu wọn: mo tẹ ọ̀rọ̀ òyìnbó kan ṣoṣo sínú áàpù, ó kó ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì márùn-ún sílẹ̀ fún mi, èwo ni kí n mú? Ọ̀pọ̀ èèyàn á kàn mú èyí tó wà lókè pátápátá, wọ́n á fi ránṣẹ́, ẹni tó gbà á lọ́hùn-ún á ka nǹkan míì, ló bá di pé ọjà tí wọ́n fẹ́ kọ́ ló dé ọ̀dọ̀ wọn, tàbí kí ẹnì kan máa rò pé wọ́n rí òun fín.

Ọ̀rọ̀ yìí ò le tó bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ bá mọ ibi tí ìṣòro ẹ̀ ti ń wá. Àwa Yorùbá gan-an ní àǹfààní kan níbẹ̀ tí a kì í lò, òun ni mo fẹ́ tọ́ka sí jù nínú àlàyé yìí.

Kí ló fà á tí ọ̀rọ̀ kan fi ń di márùn-ún?

Ẹ wo kọ̀ńdọ́ dánfó tí ò ní ṣéńjì, tó wá so èrò mẹ́ta pọ̀ lórí owó bébà kan pé kí wọ́n sọ̀kalẹ̀ lọ pín in láàárín ara wọn. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì ṣe máa ń ṣe nìyẹn, ó lè so ìtumọ̀ mẹ́ta pọ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kan, ẹni tó ń gbọ́ ọ ló máa fi òye pín in. Sípáníìṣì sábà máa ń fún kálukú ní ṣéńjì tiẹ̀ lọ́wọ́. Tẹ́ ẹ bá wá tẹ ọ̀rọ̀ náà lásán láìsí gbólóhùn tó gbé e dání, kò sí bí áàpù ṣe máa mọ èyí tẹ́ ẹ ní lọ́kàn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ mú "time". Tó bá jẹ́ aago mélòó ló lù lẹ fẹ́ bèèrè, "hora" ni wọ́n ń lò. Tó bá jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ fẹ́ sọ, "tres veces" ni. Tó bá jẹ́ pé ẹ fẹ́ sọ pé ẹ ò ráyè, kò sí àkókò, "tiempo" ni, "tiempo" yìí kan náà sì ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ nípa ojú ọjọ́. Ṣé ẹ rí i pé Yorùbá náà ò fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo sọ gbogbo ìyẹn? Aago ni, ẹ̀ẹ̀mẹta ni, àyè ni.

Àǹfààní tí mò ń sọ nìyẹn. Púpọ̀ nínú ohun tí Gẹ̀ẹ́sì so pọ̀, Yorùbá ti tú u ká tipẹ́, àmọ́ tí a bá fẹ́ sọ Sípáníìṣì a máa ń sáré gba inú Gẹ̀ẹ́sì kọjá, a ó lọ so nǹkan tó ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ pọ̀, ká tó wá máa wá bí a ṣe máa tún un tú. Kẹ́ ẹ tó tẹ ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ sọ ọ́ sókè ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tó bá jáde lẹ́nu yín ló máa sọ èyí tẹ́ ẹ máa mú.

Báwo wá ni "drum" ṣe ń da ọjà rú?

Èyí tó ń ṣe ìlù ń sọ nípa bàtá, èyí tó ń ta epo pupa ń sọ nípa dúrọ́ọ̀mù, ẹni tí etí ń dùn ń sọ nípa awọ tó wà nínú etí, "drum" náà ni gbogbo wọn lè bá pàdé nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ní Sípáníìṣì, ìlù ni "tambor", ìyẹn ò ní wàhálà. Dúrọ́ọ̀mù tí wọ́n ń rọ epo sí, "bidón" ni wọ́n á pè é ní Sípéènì, ní Kúbà "tanque" máa yé wọn. Ti etí, "tímpano" ni. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tí wọ́n máa ń pe àgbá epo náà ní "tambor", nítorí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń tà á, ẹ fi iye lítà sí i kó má bàa sí àríyànjiyàn rárá.

Ó tún ku ohun kan o. Tí ará Kúbà tó ń bọ òrìṣà bá sọ fún yín pé òun ní "un tambor" lọ́jọ́ Sátidé, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ ìlù kan ló ń sọ, ayẹyẹ tí wọ́n máa fi ìlù ṣe fún òrìṣà gan-an ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá wá dáhùn pé èló ló fẹ́ san lórí ẹ̀, ẹ ti já ọ̀nà.

Ẹ wo "play" náà. A kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣe é ní Yorùbá: a ń gbá bọ́ọ̀lù, a ń ta ayò, a ń lu ìlù, a ń fun fèrè. Sípáníìṣì pín in sí méjì níbí: eré ìdíje, bọ́ọ̀lù àti ayò, "jugar", ohun èlò orin, "tocar". "Juego el tambor" máa ṣe wọ́n ní kàyéfì, "toco el tambor" ni. "Tocar" yìí náà ni wọ́n fi ń sọ pé èèyàn fọwọ́ kan nǹkan tàbí pé ó kan ilẹ̀kùn.

Iṣu, ata, adìyẹ: kí ni ká kọ?

Níbí ni mo ti fẹ́ kẹ́ ẹ fara balẹ̀ jù, torí oúnjẹ àti ohun ìrúbọ ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń bá wọn sọ.

Iṣu tiwa, "ñame" ni lédè Sípáníìṣì, ará Kúbà mọ̀ ọ́n dáadáa, wọ́n ń jẹ ẹ́. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá gba inú "yam" kọjá, ewu wà níbẹ̀, ìdí ni pé ní Amẹ́ríkà, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń pè ní "yam" kì í ṣe iṣu, ọ̀dùnkún tí inú ẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú ni. Áàpù tó bá tẹ̀ lé ti Amẹ́ríkà lè kọ "camote" fún yín, ọ̀dùnkún lẹ́nu ará Mẹ́síkò nìyẹn. "Boniato" ni wọ́n ń pe òun náà ní Kúbà, ní Fẹnẹsúẹ́là "batata" ni. Ẹni tẹ́ ẹ ní kó wá iṣu wá á sì gbé ọ̀dùnkún dé, kì í ṣe ẹ̀bi ẹ̀. Ẹ má sì yọ àmì orí ñ yẹn kúrò, lẹ́tà ọ̀tọ̀ ni lójú tiwọn bí ọ̀ àti o ṣe rí lójú wa.

Ata wá le ju ìyẹn lọ. "Pepper" nìkan lòyìnbó ní, àwa ní tàtàṣé, rodo, ṣọ̀mbọ̀, ataare, Sípáníìṣì náà ò sì pa wọ́n pọ̀. "Pimienta" ni ata dúdú tí wọ́n ń lọ̀ bí ìyẹ̀fun. "Pimiento" ni tàtàṣé, ẹ wo bó ṣe jẹ́ pé lẹ́tà ìkẹyìn nìkan ló yàtọ̀. Ata tó ń ta, "chile" ni wọ́n ń pè é ní Mẹ́síkò, "ají" ni Kúbà àti ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Gúúsù Amẹ́ríkà ń lò, Sípéènì á pè é ní "guindilla". Rodo tiwa, "habanero" ló sún mọ́ ọn jù. Ataare tí a fi ń wúre, "pimienta de Guinea" ni, tẹ́ ẹ bá sì kọ "pepper" lásán tí wọ́n fi "pimienta" ka á, ata dúdú inú ike ni wọ́n á lọ rà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kọ "chicken" ránṣẹ́ náà, ẹ dákun. "Pollo" tí áàpù máa gbé jáde, ẹran adìyẹ tó wà nínú ìṣasùn ló máa kọ́kọ́ wá sí wọn lọ́kàn. Àgbébọ̀ ni "gallina", àkùkọ ni "gallo", òròmọdìyẹ ni "pollito". Yorùbá ti pín in bí Sípáníìṣì ṣe pín in gẹ́lẹ́, kí la tún wá lọ ń gba inú ọ̀rọ̀ tó pa gbogbo wọn pọ̀ kọjá fún?

Ọtí náà ńkọ́? Ẹlòmíì á kọ "spirits" torí pé bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sí ara páálí ọtí nìyẹn, áàpù á sọ ọ́ di "espíritus", ìyẹn àwọn ẹ̀mí àìrí. Ẹ fojú inú wo ẹni tí wọ́n ní kó mú ẹ̀mí àìrí mẹ́ta wá síbi ẹbọ. Ẹ dárúkọ ọtí náà gan-an: "ginebra" ni jíìnì, "ron" ni ọtí ìrèké tí Kúbà fi gbajúmọ̀, "aguardiente" ni ọtí líle tí wọ́n sè.

Obì ní tiẹ̀ kì í ṣe ẹ̀bi òyìnbó. Nígbà tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ sí Kúbà lẹ́rú, obì ò rọrùn láti rí níbẹ̀, wọ́n wá ń fi àgbọn dífá dípò ẹ̀, orúkọ náà sì tẹ̀ lé e. Títí dòní, "obí" lẹ́nu oníṣẹ̀ṣe Kúbà, àgbọn ni. Tó bá jẹ́ obì tiwa lẹ fẹ́ sọ, ẹ kọ "nuez de cola". Epo pupa náà, "aceite de palma" ni, wọ́n sì ní "manteca de corojo" tí wọ́n ń lò bí a ṣe ń lo epo.

"Is" àti "are": "ser" àbí "estar"?

Èyí ló ń da àwọn tó ń kọ́ Sípáníìṣì láti inú Gẹ̀ẹ́sì láàmú jù, wọ́n á kọ́ òfin bí ilẹ̀ bí ẹní. Yorùbá ti fún yín ní ìdajì ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. "Ni" àti "jẹ́" tiwa máa ń bọ́ sí "ser", "wà" máa ń bọ́ sí "estar". Babaláwo ni mí: "Soy babalawo". Mo wà ní Ìbàdàn: "Estoy en Ibadan". Kódà ibi tí àwọn tó ń kọ́ ọ láti inú Gẹ̀ẹ́sì ti máa ń ṣubú, ìyẹn ibi tí ayẹyẹ ti máa wáyé, Yorùbá ò jẹ́ kẹ́ ẹ ṣubú síbẹ̀. Ìbàdàn ni ìnáwó náà: "La fiesta es en Ibadan", "ser" ni, kì í ṣe "estar".

Ìdajì tó kù ni ti bí nǹkan ṣe rí. Ẹ bi ara yín pé ṣé bó ṣe rí nísinsìnyí ni àbí irú ẹ̀dá tó jẹ́. "¿Cómo está su mamá?", ara màmá yín ńkọ́, "¿Cómo es su mamá?", irú èèyàn wo ni màmá yín. Onílù tó bá kọ "el tambor está listo", ìlù ti ṣe tán, wọ́n lè wá gbé e; àmọ́ "el niño es listo", orí ọmọ náà pé ni, ó gbọ́n.

"You": ìwọ, ẹ, àbí ẹ̀yin?

Gẹ̀ẹ́sì ti ba tiwa jẹ́ síbí. Ẹ̀ ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ẹ kọ "you", áàpù gbé "tú" jáde, ìyẹn ìwọ. Ẹni tó jù yín lọ ni "usted" wà fún, pẹ̀lú ẹni tẹ́ ẹ ò tíì mọ̀ rí. "Ẹ" tiwa ń ṣe iṣẹ́ méjì, ti ọ̀wọ̀ àti ti èèyàn púpọ̀, Sípáníìṣì yà wọ́n sọ́tọ̀: ẹnì kan tẹ́ ẹ bọ̀wọ̀ fún ni "usted", èèyàn púpọ̀ ni "ustedes". Ní Sípéènì wọ́n tún ní "vosotros" fún ọ̀pọ̀ èèyàn tí wọ́n jọ mọwọ́ ara wọn, ní Ajẹntínà "vos" ni ìwọ, ní apá ibì kan ní Kòlóńbíà sì rèé, ọmọ ìyá méjì lè máa pe ara wọn ní "usted" láìsí ìjà.

Ibi tó ń fara pamọ́ ni pé Sípáníìṣì kì í sábà kọ "tú" tàbí "usted" sílẹ̀, ìparí ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń gbé e. "Quieres", ìwọ fẹ́. "Quiere", ẹ fẹ́. "Quieren", ẹ̀yin púpọ̀ fẹ́. Kẹ́ ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìfiránṣẹ́, ẹ wo ìparí yẹn, torí áàpù lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ kó sì fi ìwọ parí lẹ́tà kan náà.

Ibo ni Yorùbá ò ti lè gbà wá?

Ó wà níbẹ̀ o. "Mọ̀" tiwa gba gbogbo ẹ̀, Sípáníìṣì ní "saber" fún mímọ ọ̀rọ̀ tàbí mímọ iṣẹ́ ṣe, "conocer" fún mímọ èèyàn tàbí ìlú. Ẹja tó ń wẹ̀ lódò, "pez"; tí wọ́n bá ti pa á tó ti di ọbẹ̀, "pescado". Etí tá a ń rí, "oreja". Etí tó ń gbọ́ràn, "oído", tí etí bá sì ń dùn yín nínú, "oído" lẹ máa sọ fún dókítà. Ẹsẹ̀ láti ọrùn ẹsẹ̀ lọ sílẹ̀, "pie", èyí tó lọ sókè, "pierna", ti ẹran àti ti tábìlì, "pata". Ìwọ̀nyí ò ní ẹ̀tàn, ẹ kàn máa kọ́ wọn lórí ni.

Orílẹ̀-èdè ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀ ńkọ́?

Ogún orílẹ̀-èdè ni Sípáníìṣì ti jẹ́ èdè ìjọba, Puẹto Ríkò tún wà lẹ́yìn ìyẹn, ọ̀kan nínú wọn sì wà nílẹ̀ Áfíríkà nítòsí wa níbí, Equatorial Guinea, tí olú ìlú ẹ̀ àtijọ́, Malabo, wà ní erékùṣù tó dojú kọ Calabar. Ọ̀rọ̀ tó tọ́ níbì kan lè jẹ́ ìsọkúsọ níbòmíì. "Take" tí ẹ fẹ́ fi sọ pé ẹ wọ bọ́ọ̀sì, ará Kúbà àti ará Sípéènì á sọ "coger" láìro nǹkan kan, ṣùgbọ́n ní Mẹ́síkò àti Ajẹntínà ọ̀rọ̀ ìbálòpọ̀ tí kò dáa lẹ́nu ni. Ẹ mú "tomar", ó yé gbogbo wọn. Bọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀, "guagua" ni ní Kúbà, ọmọ ọwọ́ ni "guagua" ní Ṣílè. Ìbẹ́pẹ náà, "papaya" ni níbi púpọ̀, àmọ́ ní Havana, orúkọ tí wọn kì í pè níwájú àgbà ni, "fruta bomba" ni kẹ́ ẹ sọ.

Báwo lẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín?

Ẹ tẹ gbólóhùn odindi, ẹ má tẹ ọ̀rọ̀ kan. "Delivery is free" á fún yín ní "gratis", "are you free tomorrow" á fún yín ní "libre"; "free" nìkan ò ní fún yín ní nǹkan tó dájú. Lẹ́yìn náà ẹ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀-orúkọ ni àbí ọ̀rọ̀-ìṣe àbí ọ̀rọ̀-àpèjúwe, dikiṣọ́nárì máa ń kọ ọ́ síbẹ̀ ní ìkékúrú, àwọn èèyàn ló máa ń fò ó. "Light" tó jẹ́ ìmọ́lẹ̀ ni "luz", èyí tó fúyẹ́ ni "ligero", èyí tó jẹ́ àwọ̀ tí ò dúdú ni "claro", títan iná ni "encender".

Èyí tó wúlò jù fún mi ni dídá a padà: ẹ mú ọ̀rọ̀ Sípáníìṣì tẹ́ ẹ rí, ẹ tún wá ìtumọ̀ òun náà padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Tí ẹ bá fi "nut" wá nọ́ọ̀tì mọ́tò tẹ́ ẹ rí "nuez", ẹ dá a padà, ẹ máa rí i pé oúnjẹ ló ń jáde. "Tuerca" ni ti mẹkáníìkì. Ẹ tún lè wá a nínú àwòrán Google, ojú yín á sọ òótọ́ fún yín. Ẹni tó bá fẹ́ wọnú ẹ̀ jinlẹ̀, dikiṣọ́nárì ilé ẹ̀kọ́ èdè Sípéènì, Real Academia Española tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1713, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ ní dle.rae.es, ó sì máa ń kọ orúkọ orílẹ̀-èdè sí ẹ̀gbẹ́ ìtumọ̀ tó bá jẹ́ ti ibì kan nìkan.

Tó bá wá kan oògùn àti ilé ìwòsàn?

Ẹ má lo áàpù nìkan níbẹ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní 2010 lórí àwọn ilé ìtajà oògùn ní Bronx, ní New York, rí i pé nǹkan bí ìdajì àwọn àkọlé oògùn tí kọ̀ǹpútà túmọ̀ sí Sípáníìṣì ló ní àṣìṣe. Ẹ wo "once", lẹ́ẹ̀kan ni ní Gẹ̀ẹ́sì. Tí kọ̀ǹpútà bá túmọ̀ ìyókù tó sì fi "once" sílẹ̀ bó ṣe wà, Sípáníìṣì ní "once" tiẹ̀, mọ́kànlá ni. Oògùn tó yẹ kí aláìsàn lò lẹ́ẹ̀kan lóòjọ́ wá di èyí tí wọ́n ní kó lò nígbà mọ́kànlá. Tẹ́ ẹ bá gbọ́dọ̀ kọ irú ẹ̀, ẹ fi nọ́ńbà kọ ọ́: "1 vez al día", tàbí "cada 8 horas".

Irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ ní Florida ní 1980, àmọ́ láti Sípáníìṣì sí Gẹ̀ẹ́sì ni ti ibẹ̀. Wọ́n gbé Willie Ramirez, ọmọ ọdún méjìdínlógún, dé ilé ìwòsàn láìmọ nǹkan kan mọ́. Àwọn ẹbí ẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ará Kúbà, sọ pé ó "intoxicado", ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé nǹkan tó jẹ tàbí tó mu ló bá a lára jà. Àwọn dókítà gbọ́ ọ bí "intoxicated", wọ́n gbà pé oògùn olóró ló lò lálòjù, ìyẹn ni wọ́n sì ń tọ́jú fún ohun tó ju ọjọ́ kan lọ, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ló ń dà nínú ọpọlọ ẹ̀. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ẹ̀ méjèèjì rọ. Owó ìtanràn tí wọ́n jọ fi ọ̀rọ̀ náà parí lè tó mílíọ̀nù 71 dọ́là jálẹ̀ ayé ẹ̀.

Ilé ìwòsàn tó bá ń gba owó ìjọba àpapọ̀ ní Amẹ́ríkà gbọ́dọ̀ pèsè ògbufọ̀ fún aláìsàn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, ọ̀fẹ́ ni, wọn ò sì lè fi dandan lé e pé kí ọmọ aláìsàn náà máa túmọ̀. Ẹ̀tọ́ yẹn kan Yorùbá bó ṣe kan Sípáníìṣì, nítorí náà ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbé ìyá tàbí bàbá yín lọ síbẹ̀, ẹ sọ fún wọn ní káńtà pé ògbufọ̀ Yorùbá lẹ fẹ́, tí kò bá sí èyí tó wà ní tòsí, wọ́n lè pè é lórí fóònù.